ÌTẸ́ TÍ ỌLỌ́HUN PAMỌ́ SÍNÚ ÒKÚTA
Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwa òbí tí a ń ṣe àtìpó ní Warri

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí ó dá èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ní ọ̀nà rere títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ ẹyin ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Kì í ṣe ẹyin adìẹ tí a ń rà ní ọjà Igbudu o. Ẹyin tí ó ti di òkúta ni, ẹyin àwọn ẹranko ńláńlá ayé àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dáínósọ̀. Àwọn ọmọ wa ń rí àwòrán wọn nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń bi wá léèrè. Ẹlòmíràn nínú wa a ní kí ọmọ panu mọ́, pé ìtàn kèfèrí ni. Èyí kò tọ́. Ọlọ́hun (SWT) pa á láṣẹ nínú Súrà Al-Ankabut, áyà 20, pé kí á rìn lórí ilẹ̀ kí á sì wo bí Òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Kí iye ọdún wọn má sì dẹ́rù bà wá. Al-Kùránì kò ka ọjọ́ orí ayé fún wa. Ó kàn jẹ́ kí á mọ̀, nínú Súrà Al-Hajj, áyà 47, pé òǹkà ọjọ́ lọ́dọ̀ Olúwa wa yàtọ̀ sí òǹkà tiwa.

WỌN KÒ JÌNNÀ SÍ WA

Ní orílẹ̀-èdè Niger tí ó bá wa pààlà ní àríwá, nínú aṣálẹ̀ Ténéré, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Gadoufaoua. Egungun àwọn ẹranko yìí pọ̀ níbẹ̀. Philippe Taquet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ ọ̀kan lórúkọ ní 1976: Ouranosaurus nigeriensis. Ní 1999, Paul Sereno ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ òmíràn ní Nigersaurus. Ewéko ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Eyín ẹnu Nigersaurus ju 500 lọ. Ibi tí iyanrìn gbígbẹ wà lónìí, odò àti koríko tútù ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà.

Ilẹ̀ Warri tiwa ńkọ́? Nígbà tí dáínósọ̀ parẹ́, ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn, ilẹ̀ yìí kò tíì sí. Òkun ni ó wà níhìn-ín. Odò Ọya àti Bẹ́núè ni wọ́n ń ru ẹrẹ̀ àti iyanrìn wá láti òkè, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ilẹ̀. Epo rọ̀bì tí ó mú ọ̀pọ̀ nínú wa wá síbí kì í ṣe ọ̀rá dáínósọ̀ bí àwọn kan ti ń wí. Ewéko àti àwọn ohun tíntìntín inú omi tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ni ó di epo. Ẹ wò ó o: ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí pàápàá, ibòmíràn ni ó ti wá. A kò sọ èyí láti bá onílé du ilẹ̀. A sọ ọ́ kí a lè rántí pé àlejò ni gbogbo ẹ̀dá lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, àti pé ìbéèrè tí a ó dáhùn kì í ṣe ibi tí a kọ́lé sí, bí kò ṣe ohun tí a fi ọmọ wa ṣe nínú ilé náà.

ÌTẸ́ MẸ́TA

Ìtẹ́ kìíní wà ní Gúúsù Áfíríkà, nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Golden Gate Highlands. James Kitching rí ẹyin díẹ̀ níbẹ̀ ní 1976. Ní 2005 ni àwọn onímọ̀ tó ṣàlàyé ọmọ tí kò tíì pa tí ó wà nínú wọn, pé ti Massospondylus ni. Ẹranko yìí gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ kò ju ẹyin adìẹ lọ púpọ̀. Ní 2012, Robert Reisz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ìtẹ́ mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀, ó kéré tán, tí òmíràn ní ẹyin tó 34, tí wọ́n fara ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 190. Àwọn ìtẹ́ náà wà ní ìpele lórí ìpele, èyí tí ó fi hàn pé ojú kan náà ni àwọn ìyá ń padà wá léraléra láti yé. Ipasẹ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà níbẹ̀, tí ó jẹ́rìí pé wọn kò kúrò nítòsí ìtẹ́ títí wọ́n fi tó ìlọ́po méjì ara tí wọ́n gbé jáde nínú ẹyin.

Ìtẹ́ kejì wà ní Montana, ní Amẹ́ríkà. Ní 1979 ni Jack Horner àti Robert Makela sọ ẹranko tí ó ni ín ní Maiasaura, èyí tí ó túmọ̀ sí alángbá tí ó jẹ́ ìyá rere. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ewéko sì ni oúnjẹ rẹ̀. Yóò fi erùpẹ̀ mọ ìtẹ́ bí abọ́. Bí ó bá sàba lé ẹyin, yóò fọ́ ọ. Nítorí náà ewé ni ó ń kó bò ó, kí ooru ewé tí ń jẹrà lè pa á. Láti ìtẹ́ kan sí èkejì tó nǹkan bí mítà méje, kí ìyá kan lè rìn láìtẹ ọmọ aládùúgbò mọ́lẹ̀. Wọ́n bá egungun àwọn ọmọ tí ó ti pa nínú ìtẹ́: oríkèé ẹsẹ̀ wọn kò tíì gbó, ṣùgbọ́n eyín wọn ti ń jẹ́ nítorí oúnjẹ. Àwọn onímọ̀ náà wá béèrè pé: ta ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn? Wọ́n ní òbí ni. Àwọn mìíràn ṣì ń jiyàn lórí ti oríkèé yẹn, pé ọmọ náà lè ti máa rìn. Ṣùgbọ́n pé àwọn ọmọ kò tètè fi ìtẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ lágbára.

Ìtẹ́ kẹta wà ní Auca Mahuevo, ní Ajẹntínà. Luis Chiappe, Lowell Dingus àti Rodolfo Coria rí i ní 1997. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin àwọn òmìrán tí ń jẹ ewéko ni ó wà nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Kò sí àmì pé àwọn ìyá dúró tì wọ́n. Bí wọ́n ti tóbi tó, ó dà bí ẹni pé wọ́n yé, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Omi ya, ẹrẹ̀ bo ọ̀pọ̀ ẹyin náà, ọmọ kú sínú èèpo. Ẹrẹ̀ yẹn ni ó pa wọ́n mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rí àpẹẹrẹ awọ ara ọmọ inú ẹyin náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí irú iṣẹ́ yìí nítòsí, kí ó bi àwọn apẹja ẹsẹ̀ odò wa léèrè. Ọ̀nì kékeré inú ẹrẹ̀ náà ń kó ewé jọ bí òkìtì lé ẹyin rẹ̀ lórí, yóò sì máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ọlọ́hun kì í gbàgbé. Súrà Al-An'am, áyà 59, fi yé wa pé kò sí hóró kan nínú òkùnkùn ilẹ̀ tí Kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí Ó pa ẹyin mọ́ fún mílíọ̀nù ọdún 190, ṣé òun ni yóò ṣòro fún láti jí wa dìde?

Ẹ̀kọ́ kejì: àánú ọmọ ti wà kí á tó wà. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, àwọn sàábé kó ọmọ ẹyẹ kan, ìyá rẹ̀ ń rá bàbà; Ànábì (SAW) sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá wọn padà. Bí a bá ro ti ẹyẹ, ti ọmọ ènìyàn ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ó kàn wá jù. Nígbà rògbòdìyàn Warri ní 1997 àti 2003, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ọmọ ránṣẹ́ sí Ìlọrin, Ìwó, Ọ̀ffà àti Òṣogbo. Kò burú, ẹ̀mí ni à ń gbà là. Ṣùgbọ́n ìjà rọlẹ̀ tán, àwọn ọmọ kan kò padà mọ́. Wọ́n dàgbà, wọ́n ń kí bàbá bí ẹni ń kí àlejò. Àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ wa náà, bàbá wà nínú iṣẹ́ lórí omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìyá wà lọ́jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ gbọ́ Píjìn, kò gbọ́ Yorùbá. Ó mọ orin, kò mọ Fátíhà. A ń fi owó ránṣẹ́, a ń san owó ilé ìwé, a sì rò pé a ti ṣe tán. Ẹyin Auca Mahuevo nìyẹn: a yé e, a bá tiwa lọ, a fi í sílẹ̀ de ìgbà tí omi yóò ya. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, a ń rọ ara wa. Láàárín ìrun Mọ̀gàríbì àti Iṣáì, kí olúkúlùkù pa tẹlifíṣọ̀n, kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí ó gbọ́ kéú rẹ̀, kí ó sì fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Bàbá tí ó bá re ibi iṣẹ́, ọjọ́ tí ó bá dé, kí ọmọ ni ó kọ́kọ́ rí i. Kí á máa mú wọn lọ sí ilé-kéú fúnra wa, kí á má kàn rán wọn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nílé, kí ó máa padà lọ, bí àwọn ìyá Golden Gate ṣe ń padà. Ẹni tí ọmọ aládùúgbò sì wà níwájú rẹ̀, kí ó ṣọ́ ẹsẹ̀ gbé, kí ó má tẹ ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀.

Kí Ọlọ́hun (SWT) bá wa wo àwọn ọmọ wa. Kí Ó fi ìlú Warri rọ̀ wá àti àwọn onílé lọ́rùn. Kí Ó má jẹ́ kí á ṣe làálàá lásán ní àjò, kí Ó sì kó àwa àti àwọn ọmọ wa pọ̀ sí Àlùjánnà. Àmín.