Ìga Wo Ni Ẹ̀yọ̀ Yẹn Ti Jáde?

Kò pẹ́ tí fíìmù Gangs of Lagos bọ́ sórí Prime Video lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2023 tí ariwo fi ta. Ibì kan ló dá a sílẹ̀: ibi tí àwọn apààyàn ti gbé aṣọ Ẹ̀yọ̀, eégún àwọn ará Èkó, wọ̀, tí wọ́n fi aṣọ funfun àti àkẹtẹ̀ bojú lọ ṣe iṣẹ́ ibi. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó yarí, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà fapá jánú, wọ́n ní fíìmù náà ti ba àṣà jẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù náà ní eré lásán ni, pé Jade Osiberu tó darí rẹ̀ kì í ṣe òpìtàn, àti pé ibẹ̀ gan-an ni fíìmù náà ti dẹ́rù bani jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún àwọn agbèjà fíìmù náà ní ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe ẹni à ń bá ṣàwàdà. Ọjọ́ tó bá ń jáde, o ò gbọ́dọ̀ wọ bàtà kọjá níwájú rẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ mu sìgá, o ò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà. Obìnrin tó di ṣùkú tàbí tó wé gèlè, kó yáa yà sílé. Ẹni tó bá kọtí ikún, ọ̀pámbàtà yóò bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, olùdarí tó bá ní ẹ̀rù ń bẹ nínú Ẹ̀yọ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ òfin kí ọ̀pá tó sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí wọ́n nà sì mọ ibi tí ẹni tó na òun ti wá.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà, tí àwọn tó ń jà lọ́tùn-ún lósì ò sì fi bẹ́ẹ̀ dúró sí. Ẹ̀yọ̀ kì í dédé jáde. Láti ọdún 1854 tí wọ́n ti ṣe é fún Ọba Akítóyè tó wàjà, eré ẹ̀yẹ òkú ni, ìdílé ló máa ń tọrọ rẹ̀, ààfin ló sì ń fọwọ́ sí i. Ìga kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ilé àwọn olóyè Èkó, ló ní Ẹ̀yọ̀ tirẹ̀. Ẹ wo àkẹtẹ̀ orí wọn dáadáa: dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Láàbà, àwọ̀ ìyeyè ni ti Oníkò, àwọ̀ ewé ni ti Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, elésè àlùkò ni ti Àgẹ́rẹ. Àwọn ìga yòókù náà ní àwọ̀ àti àmì tiwọn lára àkẹtẹ̀. Ojú ẹni tó wà nínú aṣọ pa mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ilé rẹ̀ wà lórí rẹ̀ níta gbangba. Bí Ẹ̀yọ̀ kan bá ṣe àṣejù ní Ìdúmọ̀tà láàárọ̀, kò ní í di alẹ́ kí wọ́n tó kan ìlẹ̀kùn ìga tó ti jáde, olóyè ilé náà ni yóò sì wí tẹnu rẹ̀.

Fíìmù ọ̀daràn ni wọ́n sọ pé àwọn ṣe. Ẹ̀yọ̀ pààyàn, kò wá sí ẹyọ ẹnì kan nínú fíìmù náà tó bi ara rẹ̀ pé àkẹtẹ̀ wo ló wà lórí apààyàn, ìga wo ni aṣọ náà ti jáde? Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò béèrè! Ìbéèrè yẹn nìkan ì bá gbé fíìmù náà wọ àárín àgbàlá àwọn olóyè, níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná ju ìbọn lọ. Wọ́n sọ aṣọ tí ń tọ́ka sí ilé di ìbòjú tí kò nílé. Ó dẹ́rù bani lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù náà kò ní gbòǹgbò.

Bí ẹnì kan bá ní pípa ohun mímọ́ pọ̀ mọ́ ìpànìyàn ni kò tọ́, èmi ò gbà. Nínú The Godfather tí Francis Ford Coppola ṣe lọ́dún 1972, Michael Corleone dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìsàmì ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àlùfáà bi í bóyá ó kọ Sátánì sílẹ̀, ó ní òun kọ̀ ọ́. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń yìnbọn pa àwọn ọ̀tá rẹ̀ káàkiri ìlú. Ẹ̀gàn ibẹ̀ kò kan ṣọ́ọ̀ṣì, Michael ló kàn. Ojú rẹ̀ hàn kedere, ẹnu ara rẹ̀ ló fi purọ́ níwájú pẹpẹ. Tunde Kelani náà fi adé àti ìlù ṣekú pani nínú Ṣaworoidẹ lọ́dún 1999, kò sì sí ìjọngbọ̀n irú èyí, torí wọ́n ti jẹ́ ká mọ òfin adé náà kí ikú tó dé. Nínú Gangs of Lagos, Ẹ̀yọ̀ ló ru ẹ̀gàn náà, ẹni tó rán apààyàn bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ránni gan-an ni fíìmù náà mọ̀ jù. Ó fi sùúrù ṣàlàyé bí Ọbalọlá, tí Tobi Bakre ṣe, ṣe ti kékeré bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀gá àdúgbò, àti bí òṣèlú ṣe ń jẹun lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí fíìmù náà tó jáde tí àwa náà dìbò gómìnà, lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta. Àwọn jàǹdùkú dí àwọn olùdìbò lọ́nà ní àwọn ibùdó kan l'Ékòó, wọ́n lu àwọn kan, wọ́n lé àwọn mìíràn sílé. Bàbá ìsàlẹ̀ wo ló jáde láti sọ pé ọmọ òun ni wọ́n? Nǹkan tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn: kí ọmọ ṣẹ̀ níta, kí ilé jáde wá jẹ́jọ́ rẹ̀. Ní báyìí, bí ọmọ bá kú, ọ̀gá á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Bí kò bá kú, á tún rán an níṣẹ́ lọ́dún mẹ́rin sí i.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ibi Ẹ̀yọ̀ yẹn ba fíìmù náà jẹ́. Ọwọ́ wọn ti tẹ àṣà kan tí ń fi hàn bí ilé ṣe ń dáhùn fún ọmọ, wọ́n sì ń ṣe fíìmù nípa àwọn ọmọ tí kò sẹ́ni tó ń dáhùn fún. Wọn ò so méjèèjì pọ̀. Mi ò ní kí wọ́n gé e kúrò, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi Ẹ̀yọ̀ ṣeré mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bọ̀ wá gbé kámẹ́rà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ kọ́kọ́ wọ inú ìga kan, ẹ jókòó ti àwọn àgbà ibẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí ilé máa ń ṣe bí Ẹ̀yọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ fi í sínú fíìmù yín.