Ẹni Tó Ń Lọ Nìkan Ni À Ń Dáwó Fún

Àbúrò mi fẹ́ lọ kàwé gboyè másítà nílùú ọba, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó. Ó ti tọ àwọn àgbà ẹbí lọ pé kí wọ́n jẹ́ ká ta apá kan nínú oko bàbá wa, apá tó kángun sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ló máa tètè mówó wá. Olórí ẹbí ní òun kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, òun kò sì ní dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́, àfi tí èmi àkọ́bí bá kọ́kọ́ sọ tẹnu mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, tí mò ń tú u palẹ̀, tí mo tún ń kó o jọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n bi mí, àmọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ní ká tà á, ó dà bí ẹni pé mo gbà pé ìlú wa, Adó-Àwáyè, kò gba ẹni tó lórí pípé mọ́. Bí mo bá ní ká má tà á, wọn á ní èmi tí mo dúró sílé ni mo fẹ́ fa ẹlòmíràn sẹ́yìn.

N kò lè bá a jiyàn lórí ohun tó ń lé e. Olùkọ́ ni mí, owó oṣù la fi ń jẹun. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bí 460 náírà lọ́wọ́ ìjọba, owó oṣù tó kéré jù nílẹ̀ yìí, 30,000 náírà, lé ní dọ́là 60. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là ti kọjá 1,500. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti wá gbé owó náà sí 80,000, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi 1,500 pín in kí ẹ wò ó: kò tó dọ́là 54. Wọ́n fi kún un, ó sì dín kù. Ti iná náà kò yàtọ̀. Ìsédò Ìkéré tó wà lórí odò Ògùn, tí kò jìnnà sí wa, ìgbà ìjọba Shagari ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní yóò fún wa ní iná, yóò sì máa bomi rin oko. Mo dàgbà, mo níyàwó, mo bímọ, jẹnẹrétọ̀ ni à ń tàn. Ọmọ tó bá ṣe irú ìṣirò yìí, tó ní òun fẹ́ lọ, ojú rẹ̀ ló là.

Oko náà kò sì rí bó ṣe rí láyé bàbá wa. Gbágùúdá tí a gbìn sí apá ìsàlẹ̀, màlúù ló jẹ ẹ́ run. Ìyá wa kì í dá lọ oko mọ́. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ya bo Ìgángán lóru ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n dáná sun ilé, gbogbo Ìbàràpá àti Òkè Ògùn ló ń fi ojú kan sùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ń gbìyànjú, ọwọ́ wọn kò lè ká gbogbo igbó. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ lójú mi pé ẹni tó dúró ló fẹ́ràn ilé, pé ẹni tó lọ sá ni, inú mi kì í dùn sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dúró, kì í ṣe pé a yàn án. Ọ̀nà ni kò là.

Àwa ọmọ Adó ló tilẹ̀ yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo jù lẹ́nu wa. Orí òkè ni ìlú wà tẹ́lẹ̀. Nígbà ogun, òkè ló gba àwọn baba ńlá wa là. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a wà yìí. Àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ni àlejò ń gùn lónìí kó tó rí adágún Ìyákẹ́ àti òkúta Ìṣagẹ. Bí mo bá kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sókè, mo máa ń sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni ilé wà tẹ́lẹ̀, pé àwọn èèyàn wa fi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìgbésí ayé ìsàlẹ̀ dára ju tòkè lọ. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun kan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò mọ́ ọn láìpẹ́ yìí: wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ ni, tàgbà tèwe, tọba tìjòyè. Ti òde òní, ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń yọ lọ. Ìyá á kù, oko á kù, ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ náà á kù.

Lílọ kò ṣàjèjì nínú ẹbí wa. Bàbá tó bí ìyá mi, ará Ṣakí ni. Tamale ló ti ṣòwò, ní àríwá Gánà, níbi tí àwọn ará Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì àti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ sí nígbà náà. Abọ́ tánganran ló ń tà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ní láti fi kẹ́rù rẹ̀. Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Ìyá wa ṣì kéré, àmọ́ ó rántí pé ọjà tó kún ìsọ̀ bàbá rẹ̀ kò pa ju owó ọkọ̀ lọ, nítorí gbogbo Yorùbá tó wà lọ́jà ló ń ta tiwọn pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí wọn kò rí tà ni wọ́n dì mọ́ra. Ọ̀kan nínú àwọn abọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ ìyá wa. Funfun ni, etí rẹ̀ búlúù, àwọ̀ rẹ̀ ti bó nídìí débi pé irin dúdú ti yọ. Òun ló fi ń wọn gàrí.

Ohun tí bàbá àgbà máa ń tẹnu mọ́ nínú ìtàn náà kì í ṣe ìwà àwọn ará Gánà. Àwa náà ṣe irú rẹ̀ fún wọn ní oṣù kìíní ọdún 1983, àpò tí wọ́n kó ẹrù sí ló sì ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Ohun tó máa ń sọ ni ti àbúrò rẹ̀. Gbogbo owó tí bàbá àgbà ń fi ránṣẹ́ láti Tamale, àbúrò yìí kò ná an. Ó fi kọ́ yàrá méjì kún agboolé, ó kan páànù sí i, ó sì ń dá oko lọ. Lálẹ́ tí ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ ní Ṣakí, inú yàrá yẹn ni wọ́n sùn, iṣu inú àká àbúrò ni wọ́n sì jẹ títí òjò fi rọ̀. Àwọn kan tí wọ́n jọ dé kò ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀. Ojú wọn rí màbo.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń rò pé arìnrìn-àjò ni òwe náà ń bá wí. Ní báyìí, ẹlòmíràn ni mo ń rí nínú rẹ̀: ẹni tó jókòó ti ilé náà, tí kò jẹ́ kó wó. Bàbá àgbà kò bá ẹnikẹ́ni sọ pé kó má lọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tún dẹ̀ díẹ̀, ó ti gba Kútọnu lọ. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé òun tó lọ àti àbúrò òun tó dúró, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

N kò sọ pé ìlú ọba yóò ṣe bíi ti Busia. Ṣùgbọ́n òfin wọn ń yí, ẹni tó bá sì ń lọ gbọ́dọ̀ ka èyí mọ́ ọn. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá lọ ṣe irú másítà tí àbúrò mi fẹ́ lọ ṣe yìí kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù kejì ọdún náà, owó ìlera tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san di 776 pọ́n-ùn lọ́dún. Ní oṣù kẹta, àwọn tó ń lọ tọ́jú arúgbó náà kò lè mú ẹbí wọn lọ mọ́, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ yẹn mọ́ ẹni tuntun láti òkèèrè. Iṣẹ́ tí àbúrò mi ń fọkàn sí pé òun yóò fi dúró lẹ́yìn ìwé, ta ló mọ bí yóò ṣe rí nígbà tó bá fi parí? Àti owó tó gbọ́dọ̀ sùn sí báǹkì fún ọjọ́ 28 kí wọ́n tó wo ìwé rẹ̀, inú ilẹ̀ wa ló fẹ́ ti yọ. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tí kò tíì máa rìn, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò wà. Kò sí ẹni tó tíì sọ ọ́ jáde nínú ìpàdé ẹbí. Gbogbo wa kàn mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ẹni tó dúró kì í hàn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kà á. Nínú òjò tó kọjá, àyà ṣàdédé há ìyá wa lóru. Èmi ni mo gbé e lé ọ̀kadà, ọlọ́kadà níwájú, ìyá láàárín, èmi lẹ́yìn tí mo dì í mú, títí a fi dé Ìsẹ́yìn. Àbúrò mi wà ní Ìbàdàn lóru ọjọ́ náà. Owó tó fi ránṣẹ́ ti wọ àkáǹtì mi ká tó dé ọsibítù. Owó náà wúlò, òun la fi ra oògùn. Àmọ́ ká ní kò sẹ́ni tó máa dì í mú lórí ọ̀kadà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ oko náà rí bẹ́ẹ̀. Kó tó di pé bàbá wa kú, ó mú mi rìn gbogbo ààlà rẹ̀. Pèrègún ló fi pààlà, àfi níbi tí àpáta kò ti jẹ́ kó hù, níbẹ̀ igi òrí kan tó wọ́ sápá kan ni àmì. Pèrègún méjì láàárín ti jóná nígbà tí wọ́n dáná sungbó, mo sì ti gbin òmíràn dípò wọn. Bí mo bá kú lónìí, kò sí ọmọ bàbá mi kankan tó lè tọ́ka sí igi òrí yẹn níwájú ilé ẹjọ́. Tí a bá ta apá ọ̀nà fún àjèjì tí a kò mọ̀, igi òrí yẹn gan-an ni ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti rí àǹfààní lílọ, n kò ní fi ọwọ́ bò ó. Owó tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà tó nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dún. Kànga ẹ̀rọ kan wà ládùúgbò wa tí ẹni tó gbẹ́ ẹ kò gbé ìlú láti ọdún yìí wá, omi rẹ̀ ni a sì ń mu. Ohun tó ń dùn mí ni ibòmíràn. Bí ọmọ kan bá ní òun ń lọ, ẹbí á jókòó, ẹgbẹ́ á dáwó, ìyá á tú owó èésú rẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ á fẹ́ lọ. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ rí fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, kó lè máa ṣe gàrí tà fún àwọn tó ń wá láti Ìbàdàn, nísinsìnyí tí wọ́n ti tún ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe. Ó rìn káàkiri títí. Àdúrà ni wọ́n fún un. Iye tó ń wá kò tó ìdámẹ́wàá ohun tí ẹbí rẹ̀ kan náà dá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ Kánádà. Níbo ni ọmọ náà yóò ti gbà gbọ́ pé dídúró lérè, nígbà tí àwọn tó bí i gan-an kò fi kọ́bọ̀ lé e lórí?

Ohun tí mo máa sọ fún àwọn àgbà ni pé ká má ta ilẹ̀. Ká fi apá ọ̀nà yẹn háyà fún àwọn tó ń gbin àgbàdo, kí wọ́n san ti ọdún mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká fi owó kajú ọdún yìí kún un, tèmi náà wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tíì tó, kó sún ìrìn-àjò náà síwájú di ọdún tó ń bọ̀. Iléèwé náà kò ní wó. Kó tó lọ, kó wá bá mi rìn ààlà, kó fi fóònù rẹ̀ ya igi òrí yẹn àti gbogbo pèrègún, kó sì sọ níwájú ìyá wa ohun tí yóò máa fi ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó lè bínú sí mi. Ara mi gbà á.

Bí wọn kò bá sì fún un ní físà, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun kò lọ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má gba owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó fi ra ẹ̀rọ, kó fi gbẹ́ kànga sínú oko, kó fi ṣe ohun tó bá wù ú níhìn-ín. Iye tí a rí fún un láti fi lọ ni mo fẹ́ ká rí fún un láti fi dúró.