Bí Góòlù Bá Tán, Ṣé Ìfẹ́ Náà Tán?

Bíbélì kíkà: Oníwàásù 9:13-16, Lúùkù 3:21-22

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò: nígbà tí a bá ní a fẹ́ràn ẹnìkan, ṣé òun gan-an la fẹ́ràn, àbí ohun tó ń ṣe fún wa?

Ẹ jẹ́ ká wo Rashidi Yekini. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ wa níbí, ní ìlú Kàdúná, ni wọ́n bí i sí ní 1963. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná ló wà kó tó lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn, àti Abiola Babes ní Abẹ́òkúta. Láti Abidjan ló ti kọjá sí ilẹ̀ Potogí, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Vitória Setúbal. Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 ló gbá wọlé ní líìgì wọn, kò sí ẹni tó jù ú lọ. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà, ní 1993.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní ọgbà yìí kò tíì dáyé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, 1994, ṣùgbọ́n a ti rí àwòrán ọjọ́ náà. Ní Dallas, Finidi George gbá bọ́ọ̀lù wá láti apá ọ̀tún, Yekini sì tì í sínú àwọ̀n Bulgaria. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ìdíje Àgbáyé nìyẹn. Ó sáré wọnú àwọ̀n, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó sì ń kígbe. Góòlù 37 ló gbá fún orílẹ̀-èdè yìí; nígbà tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sí ọmọ Nàìjíríà tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó padà sí Ìbàdàn. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ó yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín èèyàn, pé òun nìkan ló ń dá gbé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, 2012, ó kú ní ẹni ọdún 48, wọ́n sì sin ín sí Ìrá, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyìn wá ń dà bí òjò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ẹnìkan lè ní òun fúnra rẹ̀ ló ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, pé a kì í fi tipátipá bá èèyàn ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, kò sì yẹ ká dá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí ojú wa kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ̀ pé góòlù òun ni wọ́n ń bá ṣọ̀rẹ́, àlejò wo ló máa ṣílẹ̀kùn fún nígbà tí góòlù bá tán? Ẹlòmíràn lè ní Mùsùlùmí ni, kí ló kàn wá? Nígbà tí wọ́n bi Jésù pé ta ni ọmọnìkejì, ará Samáríà ló fi dáhùn.

Kì í ṣe pé ó burú láti yin òṣìṣẹ́. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Róòmù pé kí wọ́n bọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọlá jẹ́ gbèsè tí a ń san fún iṣẹ́. Ìfẹ́ kì í ṣe owó iṣẹ́. Oníwàásù sọ ìtàn tálákà kan tó fi ọgbọ́n rẹ̀ gba ìlú kékeré sílẹ̀ lọ́wọ́ ọba ńlá, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rántí rẹ̀. Ìlú náà jèrè ọgbọ́n, ó pàdánù ọlọ́gbọ́n. Ẹ wá wo etí odò Jọ́dánì. Jésù kò tíì wo aláìsàn kankan sàn, kò tíì jí òkú, nígbà tí Baba ti sọ láti ọ̀run pé àyànfẹ́ Òun ni. Ìfẹ́ ló ṣáájú, iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e.

Èyí kan fẹ́lóṣíìpù wa. Bí ohùn akọrin wa bá há, ṣé a ṣì máa yà sí yàrá rẹ̀ ní Sàmárù? Ẹni tó ń darí àdúrà tẹ́lẹ̀, tí ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá gùn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ta ló ń bá a jẹun? Ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tó máa ń fi owó ránṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé a ṣì ń pè é?

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mú ẹnìkan tí kò di ipò kankan mú mọ́, kí o pè é. Má tọrọ nǹkan kan. Bí ìwọ náà bá sì ń rò pé góòlù tìrẹ ti tán, má ṣe tilẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ kí o tó gbá ẹyọ kan wọlé ṣì wà níbẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tó ń rí ènìyàn kó tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmín.