Ẹni Tó Ń La Ọ̀nà

Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Fọ́tò yíyà gan-an nìyẹn. Ẹnìkan ya ìyá aláró n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta; ẹ̀rín wọn ló gbájú mọ́, kò rí òpó iná tó dà bíi pé ó hù látorí wọn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ bá sún sápá òsì díẹ̀." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí fọ́tò irun dídì rẹ̀ gbajúmọ̀ káyé, ra kámẹ́rà Brownie lọ́dún 1950. Òun náà, ọ̀rẹ́ ló kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. "Ó dára gan-an" lásán kò tó fún ẹni tó bá fi fọ́tò hàn yín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún un pé oòrùn ọ̀sán gangan ló jẹ́ kí òjìji bo ojú ìyá, kó tún lọ láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń sá aṣọ.