Ṣé "N Kò Mọ̀" Lè Gbani Là?

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọ̀gá wẹ́dà kan ládùúgbò wa ránṣẹ́ pè mí. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́, pé mo sì lè fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ẹ̀rọ. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń bó èèpo gbágùúdá nílẹ̀. Ó fẹ́ kí n wọn gbogbo ara rẹ̀, kí n yà á, kí òun lè máa ṣe irú rẹ̀ tà. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n ni mo rí ihò kéékèèké mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ṣí pátákó orúkọ ẹni tó ṣe é kúrò. Ìbéèrè dé ètè mi, mo gbé e mì. Owó iléèwé ń bẹ níwájú. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ohun tí n kò bá mọ̀ kò sí lọ́rùn mi. Mo yà á tán, mo gba owó mi.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sinmi: ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti mọ̀, ṣé aláìmọ̀kan la ó pè é?

Pátẹ́ǹtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ ohun tuntun, pé fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 20 ni ní Nàìjíríà, bí ó bá ń san owó tó yẹ lọ́dọọdún. Òfin wa tí wọ́n ṣe ní ọdún 1970 kò dá ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nìkan lẹ́bi. Ó kan ẹni tó mú kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ní ọdún 2011 bá mi wí gidigidi. SEB, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, hùmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń din oúnjẹ nínú òróró, tí ara rẹ̀ lóde kì í jó ni lọ́wọ́. Wọ́n gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Pentalpha, ilé iṣẹ́ kan ní Hong Kong, ra ọ̀kan níbẹ̀, ó sì ṣe irú rẹ̀ gan-an, àfi ìrísí òde nìkan ló yí padà. Èyí tí wọ́n rà kò ní nọ́ńbà pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà lára, torí pé òkè òkun ni wọ́n ti ń tà á. Wọ́n ń ṣe é fún Sunbeam, tó ń tà á ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tilẹ̀ gba lọ́yà kan kó bá wọn wádìí bóyá ẹnì kan ní pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún un pé ẹ̀rọ SEB ni àwọn wò ṣe é. Lọ́yà wá a, kò rí i, ó kọ̀wé pé kò séwu.

Nígbà tí ẹjọ́ dé, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé pátẹ́ǹtì wà. Adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án kò gbà fún wọn. Wọ́n ní lóòótọ́, a kò lè dá ẹni tó ti ẹlòmíràn sínú irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí lẹ́bi bí kò bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ dí ojú ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n ní ká máa wò: pé ó ti gbà lọ́kàn pé àfàìmọ̀ kí ọ̀rọ̀ má rí bẹ́ẹ̀, àti pé ó dìídì ṣe nǹkan kan kí ó má baà mọ̀ dájú.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Ṣé kí ẹni tó ń ta ìṣó máa bi gbogbo oníbàárà ní ohun tó fẹ́ fi í ṣe ni?" Rárá o. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé àìbìkítà lásán kò tó. Alágbẹ̀dẹ tó rọ àdá sọ́jà kò jẹ̀bi gbogbo ohun tí wọ́n fi àdá ṣe. Ṣùgbọ́n èmi kò ta ìṣó. Ẹ̀rọ kan pàtó ni mo yà, mo sì rí ojú ihò mẹ́rin yẹn.

Ẹlòmíràn lè ní pátẹ́ǹtì kì í kọjá orílẹ̀-èdè tó fún ni, pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yẹn má gba ọ̀kankan ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òfin kò ní nǹkan bá mi sọ. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ìyẹn tu ara mi nínú, torí ohun tí mo kọ̀ láti bèèrè gan-an nìyẹn. Ẹni tó gbà pé ọ̀nà òun mọ́ kì í bẹ̀rù láti tan iná sí i.

Sọ́ọ̀lù kò sọ òkúta kan lu Sítéfánù. Aṣọ àwọn tó ń sọ ọ́ ló ń ṣọ́ (Ìṣe 7:58). Síbẹ̀, nígbà tó ronú pìwà dà, ó ka aṣọ tó ṣọ́ yẹn mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ (Ìṣe 22:20). Òwe 24:12 sì kọ́ wa pé Ọlọ́run ń wọn ọkàn ẹni tó ń sọ pé òun kò mọ̀.

Mo ti padà lọ bi ọ̀gá náà ní ìbéèrè tí mo gbé mì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, owó rẹ kò pé ni?" N kò rí ìdáhùn míràn gbà, wọ́n sì ti ń fi àwòrán mi ṣiṣẹ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni ti ọjọ́ iwájú: kí n tó wọn ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni, n ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ín. Bí oníbàárà bá bínú, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ ń gbéṣẹ́ fún àwọn ọmọ bíi tiwa, ẹ má fi wá bo ojú ara yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ìbéèrè wo lẹ̀yin gbé mì lọ́sẹ̀ yìí? Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti bèèrè rẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Àmín.