Nígbà Tí Olùṣọ́-Àgùntàn Bá Ṣe Ni Léṣe

Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, bí pásítọ̀ bá ṣẹ ọmọ ìjọ, onítọ̀hún lè gbé Bíbélì rẹ̀, kó sọdá títì, kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Kano kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1911 ni rélùwéè dé ìlú náà, kò sì pẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ya Sabon Gari, Sábó lẹ́nu wa, sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi fún àwọn àlejò tó ń tẹ̀lé ojú irin wá láti gúúsù: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, oníṣòwò. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ọjà wọn wá, wọ́n sì gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn dání. Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì ní Sábó ti kúrò ní ilé àdúrà lásán. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ Yorùbá tó yè kooro, ibẹ̀ ni ará ìlú kan náà ti ń dá àjọ, ibẹ̀ ni a ti ń wá ẹni tí yóò dúró fún ni lọ́dọ̀ onílé. Ìlú tó ti rí rúkèrúdò October 1991, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ nítorí ìsọjí tí Reinhard Bonnke, ajíhìnrere ọmọ Jámánì, fẹ́ wá ṣe, kì í ṣe ìlú tí Kristẹni ti ń fi ará ìjọ ṣeré. Àwọn tó bá Sábó jáde, tí wọ́n ń gbé Hotoro lójú ọ̀nà Maiduguri, níbi tí tánkà epo ti ń tò lọ bẹẹrẹ, gbé ìgbé ayé náà lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí aṣáájú ìjọ bá dá lóró ní Hotoro kì í pàdánù pásítọ̀ nìkan. Ó ń pàdánù àjọ, ọ̀rẹ́, ẹni tí yóò gbé òkú ìyá rẹ̀ dé Ìjẹ̀bú. Ìdí rèé tí púpọ̀ fi ń gbé e mì.

Oríṣiríṣi ni ìdálóró náà. Obìnrin kan lọ sọ àṣírí ilé rẹ̀ nínú yàrá ìmọ̀ràn, ó gbọ́ ọ padà lórí pẹpẹ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìwàásù. Wọ́n pe opó dìde níwájú ìjọ nítorí owó ilé ìsìn tó ṣèlérí nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Ìyá kan béèrè ìwé ìṣirò owó, kò pẹ́ tí ìran fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ rẹ̀ hàn bí ẹlẹ́mìí òkùnkùn. Èmi ò ní ka gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tó ti jókòó pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ èyí tó kù.

Ohun méjì ni wọ́n sábà fi ń di irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Èkíní ni ẹsẹ Sáàmù tó kìlọ̀ pé ká má fọwọ́ kan àwọn ẹni àmì òróró Olúwa. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti ka ẹsẹ yìí sí létí ṣí Sáàmù 105, kó ka ẹsẹ mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Ta ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Àwọn díẹ̀ kan ni, tí wọ́n jẹ́ àjèjì ní ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń ṣí láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń bá wí nítorí tiwọn. Ìkìlọ̀ fún alágbára ni, ààbò àlejò tí kò ní alátìlẹ́yìn ni. Bí a bá fẹ́ wá ẹni tí ẹsẹ náà bá mu ní Kano, opó tí wọ́n pè dìde yẹn ló jọ ọ́ jù. Ẹni tó wà lórí pẹpẹ wà níhà ọ̀dọ̀ àwọn ọba.

Èkejì le jù, nítorí inú ilé wa ló ti wá. Wọ́n á ní, "Ọmọ tí a kọ́ ni ọ́, ọmọlúàbí kì í bá àgbà jiyàn." Lóòótọ́ ni pé ìtẹríba wà nínú ìwà ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbẹ̀, inú rere wà níbẹ̀, akínkanjú náà wà níbẹ̀, kò sì síbi tí àwọn bàbá wa ti ní kí ìtẹríba pa àwọn yòókù jẹ. Àgbà pàápàá wà lábẹ́ òfin náà. Àwa náà la sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wọn sára ẹni tí gbogbo Yorùbá mọ̀. Ní August 1890, ní Onitsha, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jókòó níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún. Àwọn míṣọ́nnárì ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, tí Graham Wilmot Brooke, ọmọ nǹkan bí ọdún 25, wà lára wọn, dá àwọn òṣìṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù dúró lójú rẹ̀, títí kan ọmọ bíbí inú rẹ̀, Archdeacon Dandeson Crowther. Bàbá náà fi ìgbìmọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kan Kano ju bí ènìyàn ti rò lọ. Ilẹ̀ Hausa ni Brooke àti ẹnìkejì rẹ̀, J. A. Robinson, ń lé. Lọ́kọ́já ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń wọ ẹ̀wù Hausa kí wọ́n lè sún mọ́ àwọn ará ibẹ̀. Robinson kú ní 1891, Brooke kú ní 1892. Wọn kò dé Kano. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn jìn, àwọn ẹ̀sùn kan tí wọ́n fi kan àwọn òṣìṣẹ́ Crowther sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó bà wọ́n jẹ́ ni pé wọ́n rò pé ìtara fún Ọlọ́run yọ̀ǹda fún wọn láti tẹ́ àgbàlagbà lójú gbogbo ayé. Mo ti rí irú ìtara bẹ́ẹ̀ lára àwọn pásítọ̀ tí kì í jalè, tí kì í ṣe àgbèrè, tí wọ́n sì ń fọ́ ènìyàn bí ìkòkò. Ìwà mímọ́ wọn gan-an ni wọ́n fi ń fọ́ wọn.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti fi Crowther ṣe àpẹẹrẹ sùúrù. Ó gbé e mì, wọ́n á wí, kò bú ẹnikẹ́ni. Ìdajì ìtàn nìyẹn. Kí ó tó kú ní December 31, 1891, ó ti ń bá àwọn ìjọ etí òkun Delta palẹ̀ mọ́ kí wọ́n lè máa fi owó ara wọn ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Ní 1892, àwọn ìjọ náà di Niger Delta Pastorate lábẹ́ Dandeson, ẹni tí wọ́n ti dá dúró yẹn. Wọn kò yí ìgbàgbọ́ Áńgílíkà padà. Ọwọ́ tó ń fìyà jẹ wọ́n ni wọ́n yọ kúrò lọ́rùn. Ohùn jẹ́jẹ́ ni Crowther fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Àwọn Onítẹ̀bọmi Èkó ti ṣe ohun tó jọ ọ́ ṣáájú. Ní 1888, míṣọ́nnárì ọmọ Amẹ́ríkà, W. J. David, lé Moses Ládéjọ Stone, tó ti ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìbi ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ dìde, wọ́n jáde, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀. Mojọlá Agbebi, tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent nígbà náà, wà láàárín wọn. Stone fúnra rẹ̀ padà sí ìjọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó da ẹnikẹ́ni. Ní 1914, ní Ìbàdàn, ìhà méjèèjì para pọ̀ di Yoruba Baptist Association, wọ́n sì fi Agbebi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ọdún 26 ló gbà wọ́n. Nínú àwọn ọdún yẹn, wọn kò dúró de ẹ̀bẹ̀ David kí wọ́n tó máa gbé ayé. Ìjọ tí àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ gbé lọ sí òkè Ọya jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó tún ara rẹ̀ so yẹn.

Kì í ṣe gbogbo ìyapa ló yẹ kó tún so o. Ọmọbìnrin tí wọ́n fọwọ́ kàn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìlàjà. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń lọ, alàgbà tó bá sì ní kí wọ́n parí rẹ̀ nílé ti kúrò nínú ọmọlúàbí. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbóríyìn fún gbogbo ẹni tó jáde. Èèyàn méjìlá á kúrò lábẹ́ pásítọ̀ oníjàgídíjàgan, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù kan, ọdún kò ní yí po tí olórí wọn tuntun yóò fi máa bú wọn láti orí pẹpẹ oníbéńṣì.

Ohun tó ń gbé ni dìde kéré jù bẹ́ẹ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin gbé àmàlà lọ sílé ẹni tí gbogbo ìjọ ń yẹra fún, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ iye tí àgbàdo jẹ́ lọ́jà. Olórí àjọ kọ̀ láti yọ orúkọ onítọ̀hún. Bàbá kan dúró fún un lọ́dọ̀ onílé, bó tilẹ̀ mọ̀ pé pásítọ̀ yóò gbọ́. Akínkanjú ni ìyẹn gbà, nítorí ẹni tó bá bá ẹni tí wọ́n ta nù ṣeré ní àdúgbò kékeré lè di ẹni tí wọ́n máa ta nù tẹ̀lé e. Bí ìrètí bá ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó fara gbọgbẹ́, ẹsẹ̀ irú àwọn wọ̀nyí ló ń gbà wọlé. Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ máa ń kóra jọ láti tu ara wọn nínú, bí oṣù ti ń gorí oṣù, àtúnsọ ọ̀rọ̀ pásítọ̀ á di gbogbo ohun tó so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wá ńkọ́? Ní June 2014, ọdún 150 lẹ́yìn tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Archbishop Justin Welby dúró nínú ilé ìsìn kan náà, ó sọ ọ́ ní gbangba pé Ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ bàbá náà, pé wọ́n dà á, pé ó sì lòdì. Ó dára, àní bó tilẹ̀ pẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní November 2024, Welby fúnra rẹ̀ kéde pé òun ń fi ipò sílẹ̀ nítorí ọwọ́ tí ìjọ fi mú ọ̀ràn John Smyth, ẹni tó lu àwọn ọmọkùnrin ní ìlùkulù. Ó rọrùn láti tọrọ àforíjì fún àwọn tó ti kú ju àwọn tó ṣì ń sunkún lọ.

Ibi tí Welby ti bẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn àlùfáà wa wò. Níbi tí wọ́n ti bọlá fún Crowther ló ti sọ ọ́, gbogbo ayé sì gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, pásítọ̀ a máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn tú àṣírí obìnrin lọ́sàn-án Àìkú, a wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́rú pẹ̀lú alàgbà méjì, a ní "Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì, ẹ jẹ́ kó tán síbí." Àwọn mìíràn a gbà, wọ́n a gbé omi fún àlejò. Ẹlòmíràn a ní kó padà wá sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, níbi tí gbohùngbohùn wà. Mi ò rí àléébù kankan lára ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀.