Ta Ló San Owó Ohun Tí A Rà Lọ́pọ̀?

Yorùbá fẹ́ràn ohun ọ̀pọ̀, ìyẹn ohun tí kò wọ́n, wọn kì í sì í fi ìfẹ́ náà pamọ́. Bí ènìyàn bá ti ọjà dé tí ó sọ pé òun rà á lọ́pọ̀, àwọn ará ilé a bá a yọ̀ bí ẹni pé ó ti ojú ogun bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí ìwọ̀n, a óò rí i pé ìjà díẹ̀ wà láàrin wọn. Bí ọ̀pọ̀ bá jẹ́ ire, kí ni ìyà tún ń wá níbẹ̀? Bí ìyà bá sì jẹ́ dandan, ta ni ó jẹ ẹ́ nígbà tí èmi rà lọ́pọ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò. N kò ní lọ jìnnà wá àpẹẹrẹ. Ohun mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní Òkè-Ògùn tó fún wa: òrí tí a fi ń para, ìrìn àjò ìgbà ìsinmi, àti ayò tí a ń ta nínú ilé.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí yóò rí i pé bí igbó ti ń tán ni ọ̀dàn ń bẹ̀rẹ̀, àti pé igi òrí dúró káàkiri nínú oko iṣu, oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́. Ìgbà òjò ni èso rẹ̀ máa ń bọ́. Àwọn obìnrin a jí ní kùtùkùtù láti ṣà á kí ẹran ọ̀sìn tó dé ìdí igi. Àwọn ọmọdé a jẹ ara èso náà nítorí pé ó dùn, ṣùgbọ́n inú kóró ni iṣẹ́ wà. Wọn a se kóró náà, wọn a sá a sóòrùn, wọn a fọ́ èèpo rẹ̀, wọn a yan án, wọn a sì lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn a fi omi pò ó, tí wọn a máa fi ọwọ́ lù ú títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi funfun tí yóò sì léfòó. Wọn a bu ọ̀rá náà, wọn a gbé e ka iná, wọn a sì jẹ́ kí ó dì. Òun ni a fi ń pa ọmọ tuntun lára, òun ni a fi ń ra ẹsẹ̀ tí ó bá ń ro arúgbó, òun náà ni a fi ń pa ètè tí ọyẹ́ bá bó. Àwọn olùsìn Ọbàtálá kà á sí ohun mímọ́, nítorí òrí ni wọ́n ń lò níbi tí àwọn mìíràn ti ń lo epo pupa.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, mo dúró níwájú ìyá àgbàlagbà kan nínú ọjà kan ní agbègbè Ṣakí. Ó gé òrí ní ìṣù-ìṣù sínú igbá. Mo kí i, mo bèèrè iye rẹ̀, ó sì dá iye kan. Mo ní, “Ìyá, ẹ gé e wálẹ̀ fún mi. Òrí lásán náà mà ni.” Ìyá náà kò bínú. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, ọwọ́ ni mo fi pò ó, n kò fi ẹnu pò ó.” Síbẹ̀, ó gé e wálẹ̀. Mo sanwó, inú mi sì dùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí mo wọ ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn, tí mo rí ike kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ òrí sí lára ní èdè Òyìnbó. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá èyí tí mo rà lọ́jà, owó rẹ̀ sì fi ìlọ́po-ìlọ́po jù ú lọ. Mo san án láìná an rárá. N kò sọ fún ọmọbìnrin tí ó ń gbowó pé òrí lásán ni. Ìgbà tí mo délé tí mo gbé méjèèjì sórí tábìlì kan ni ojú tó tì mí. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ jù ni mo ti fi agídí yọ owó. Ọwọ́ ẹni tí ó kàn gbé e sínú ike ni mo ti yá mọ́ra.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí kò mọ iye ohun tí ó ní, èyí sì tọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún wa ẹni tí ó fi nǹkan náà sínú àpò ṣòkòtò. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè mi dúró sí. Òrí kò wọ́n ní Ṣakí, kì í ṣe nítorí pé kò gba agbára, bí kò ṣe nítorí pé a kò ka agbára obìnrin tí ó pò ó mọ́ owó. Oòrùn tí ó pa á, èéfín tí ó wọ̀ ọ́ lójú, omi tí ó pọn àti igi tí ó ṣẹ́, òun nìkan ni ó mọ̀ wọ́n. Àwọn ará òkè òkun mọ iye tí ọ̀rá náà jẹ́. Òfin tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní ọdún 2000 gbà kí ìdá 5 nínú 100 ṣokoléètì jẹ́ ọ̀rá igi mìíràn yàtọ̀ sí ti kòkó, òrí sì wà lára ọ̀rá mẹ́fà tí ó fọwọ́ sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé kí a dá kíkó kóró òrí lọ sí òkè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa sọ ọ́ di òrí nílé kí a tó tà á. A lè jiyàn bóyá irú òfin bẹ́ẹ̀ lè tún nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó jẹ́wọ́ rẹ̀: a ti ń ta èso náà lọ́pọ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tà ní ọ̀wọ́n.

Ohun ìpara ọ̀pọ̀ mìíràn wà, èyí tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó rà á gan-an ni yóò padà san ìyókù. Mò ń sọ nípa ọṣẹ àti ìpara tí a fi ń bóra. Owó péréte ni a ń rà á nínú ọjà, ṣùgbọ́n mẹ́kúrì tí ó wà nínú òmíràn a máa ba kíndìnrín jẹ́, hydroquinone tí a bá sì lò fún ìgbà pípẹ́ lè sọ awọ tí a fẹ́ kí ó pọ́n di dúdú bàlà-bàlà. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 2013 pinnu pé, lẹ́yìn ọdún 2020, kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú ọṣẹ àti ìpara oní-mẹ́kúrì bẹ́ẹ̀ mọ́; àjọ NAFDAC náà kò gba mẹ́kúrì láàyè nínú ohun ìpara ní Nàìjíríà. N kò kọ èyí láti bú ẹni tí ó ń bóra. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ sọ fún un pé awọ tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ibi kan náà ni ìpara yìí àti òrí ti pàdé: iye tí a kọ sí i kọ́ ni iye tí ó jẹ́. Ti òrí, ẹlòmíràn ti san án kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ti ìpara abóra, àwa fúnra wa ni a óò san án lẹ́yìn ọ̀la.

Bí ọ̀rọ̀ ohun ìpara ti rí ni ti ìrìn àjò náà rí. Bí àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá dé, ọ̀pọ̀ òbí ní Èkó àti Ìbàdàn a máa wá ibi tí wọn yóò mú àwọn ọmọ wọn lọ láìná owó rẹpẹtẹ. Òkè-Ògùn tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adágún omi Ìyákẹ̀ wà lórí òkè ní Adó-Àwáyé, òkè Asabari dúró ní Ṣakí, àwọn ahunṣọ ń hun òfì ní Ìṣẹ́yìn, ahoro Ọ̀yọ́ Ilé sì wà nínú ọgbà ìgbó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èyí kò tilẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún bèèrè: ta ló san owó rẹ̀? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, Hugh Clapperton àti Richard Lander gbéra láti Àgbádárìgì, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kínní ọdún 1826. Méjì nínú àwọn Òyìnbó tí wọ́n jọ gbéra kú sójú ọ̀nà. Orúkọ àwọn wọ̀nyí wà nínú ìwé. Àwọn aláàárù ilẹ̀ wa tí wọ́n ru ẹrù wọn láti ìlú dé ìlú ńkọ́? A kò mọ orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ orí wọn ni ìrìn àjò náà gbà kọjá.

Àwa náà lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí láìmọ̀. Bí a bá mú ọmọ wa dé ìdí òfì ní Ìṣẹ́yìn, ahunṣọ a dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró láti fi bí ọ̀kọ̀ ti ń kọjá láàrin òwú hàn án. A ya fọ́tò, a rẹ́rìn-ín, a lọ. Ìrìn àjò náà kò ná wa ní nǹkan kan nítorí pé ahunṣọ ni ó fi wákàtí rẹ̀ san án. Bákan náà ni ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo ọkọ̀ inú gáréèjì lọ. Ó lè jẹ́ pé táyà rẹ̀ ti jẹ, ó sì lè jẹ́ pé awakọ̀ rẹ̀ kò tíì sùn láti àná. Nígbà náà, ohun tí a yọ nínú owó ọkọ̀, a ti fi ẹ̀mí dógò fún un.

Ti ayò ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ọpọ́n kan, ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan: kò sí eré tí ó rọrùn láti ní tó o. Àwọn tí kò ní ọpọ́n a máa gbẹ́ ihò sílẹ̀, wọn a sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọdé ní ayò mọ̀ pé eré náà ní owó tirẹ̀. Àgbà a jókòó, a fara da kí ọmọ máa ka ihò sókè, kí ó ṣì í kà, kí ó tún un kà. Ọmọ a jẹ́ ọ̀pẹ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó di ọ̀ta, àgbà kò sì gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín títí tí yóò fi sá. Àkókò àgbà ni owó náà, ìfẹ́ sì ni ó fi ń san án. Lónìí, fóònù a máa fún ọmọ ní eré lọ́fẹ̀ẹ́, baba àti ìyá a sì sinmi. Ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ojú ọmọ náà ni wọ́n ń tà fún àwọn onípolówó ọjà, wákàtí rẹ̀ ni wọ́n sì ń kà. A yọ ara wa nínú gbèsè, a sì ti ọmọ síwájú pé kí ó lọ san án.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan lè sọ. Yóò ní, “Ẹni tí ó yó ni ó ń ro irú èyí. Òtòṣì tí ó ń ra ohun ọ̀pọ̀ kò ní ìgbà láti bèèrè ẹni tí ó san owó rẹ̀.” Òdodo ni. Ẹni tí kò ní ju owó ohun ọ̀pọ̀ lọ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Òun gan-an ni ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ń san án: ìyá tí ó po òrí náà ni ó ń wọ ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó lè yàn ni ìbéèrè yìí ń bá wí. N kò sì sọ pé kí ó máa sanwó jù níbi gbogbo, nítorí owó nìkan kọ́ ni a fi ń san gbèsè. Nígbà mìíràn, kí a má ná ọjà kọjá ààlà ni. Nígbà mìíràn, kí a ra aṣọ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún wa ni. Nígbà mìíràn, kí a jókòó sí ìdí ọpọ́n ayò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó rẹ̀ wá ni. Ohun tí kò tọ́ ni kí a máa pe ohun tí ẹlòmíràn ti fi ara san owó rẹ̀ ní “lásán”.

Igi òrí fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ mi ní èyí. Ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so dáadáa, ó sì lè wà fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà nínú oko, kò sí ẹni tí ó gbìn ín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan dá a sí. Àgbẹ̀ kan tí ń ṣán oko nígbà kan rí dé ìdí rẹ̀, ó lè gé e, ó lè fi ààyè rẹ̀ kọ ebè, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, àwọn tí ń sun èédú ń wọ ọ̀dàn náà, nítorí èédú ń pa owó lójú ẹsẹ̀, òtòṣì náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí mo bá ti ń sọ pé òrí lásán ni, kí ni mo fẹ́ fi bá wọn wí? Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé igi náà kò tó nǹkan.

Owó tí àgbẹ̀ náà kò gbà nígbà náà ni òrí tí mo fi ń para ní ìgbà ọyẹ́. Mo ti padà sí ọjà náà láti ìgbà yẹn. Nígbà tí ìyá náà dá iye rẹ̀, mo san án bẹ́ẹ̀, mo sì kí i pé ó kú iṣẹ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó bú díẹ̀ sí i fún mi, ó ní, “Èyí ni èènì, ọmọ mi.” N kò mọ̀ bóyá ó rántí mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo tún jẹ ẹ́ ní gbèsè.